Bẹ́ẹ̀dì onírin alájà méjì fún ilé àwọn ọmọkùnrin: àyẹ̀wò láti òpó dé fóòmù

Ẹ má tìtorí ọ̀dà ra bẹ́ẹ̀dì alájà méjì. Ẹ di òpó rẹ̀ kan mú lókè, kí ẹ mì ín síwájú sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí ó bá ń han kíín-kíín, tàbí tí orí rẹ̀ ń fì ju ìbú ìka méjì lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ọmọkùnrin tó ń gbé ilé ìwé kì í wulẹ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Orí rẹ̀ ló ti ń kàwé, ibẹ̀ ló ti ń gba àlejò, irin rẹ̀ ló ń dì mú láti fi na apá, òkè rẹ̀ ló sì ti ń fò bọ́ sílẹ̀ nígbà tí agogo bá lù láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀dì tó ti ń ké níwájú olùtajà kò ní lo ọdún ìwé kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Èyí tí à ń yẹ̀ wò níbí ni irú tó wọ́pọ̀ ní ilé ibùgbé ọmọ ilé ìwé: òpó mẹ́rin tí wọ́n fi páìpù onígun mẹ́rin ṣe, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 40, àyè ìsùn méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, ó sì gùn tó 200, àkàbà níhà ẹsẹ̀, irin ìdènà lókè. Títúká ni wọ́n máa ń gbé e dé, inú ilé la ó ti tò ó. Oríṣi mẹ́ta ló wà, ibi tí irin ẹ̀gbẹ́ ti pàdé òpó ni ìyàtọ̀ wọn wà. Àkọ́kọ́ ni eléyín: wọ́n ń ki eyín irin bọ ihò ara òpó, wọ́n á sì fi òòlù gbá a wọlé. Èkejì ń lo bóòtù kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ń lo bóòtù méjì. Ẹ̀kẹta yìí nìkan la lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Eléyín rọrùn láti tò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pọ̀ jù fún un. Ìrọ̀rùn yẹn gan-an ni àléébù rẹ̀. Eré kan wà tí kò sí ilé ọmọkùnrin tí wọn kì í ti ṣe é: ẹni ìsàlẹ̀ á dùbúlẹ̀, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ti ẹni òkè sókè. Eyín tí òòlù gbá wọlé láti òkè, ẹsẹ̀ lè tì í jáde láti ìsàlẹ̀. Igun kan á kọ́kọ́ yọ díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní rí i nítorí aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò ó, ó di ìgbà tí ẹnì kan bá fò gun òkè kí gbogbo rẹ̀ tó já. Tó bá jẹ́ pé eléyín nìkan ló wà, ẹ ní kí wọ́n lu ihò gba inú òpó àti eyín ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òkè, kí wọ́n fi bóòtù M6, èyí tó nípọn ní mìlímítà 6, dè é.

Alábóòtù kan ní tirẹ̀ kì í já, yíyí ló ń yí. Bóòtù kan ṣoṣo ń ṣe bíi hínjì ilẹ̀kùn. Irin ẹ̀gbẹ́ á máa yí lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tí ènìyàn bá gùn ún. Ihò tó rí róbótó tẹ́lẹ̀ á wá gùn bí ẹyin. Láti ìgbà náà lọ, bó ti wù kí a de bóòtù ọ̀hún le tó, ọ̀sẹ̀ kan ni yóò lò kó tún tó tú. Bóòtù méjì tí ọ̀kan wà lókè èkejì, tí àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 6, kò fi àyè yíyí sílẹ̀ rárá. Kí bóòtù náà jẹ́ M8, tí sípánà 13 ń dè, kí nọ́ọ̀tù rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó ní òrùka náílọ́ọ̀nù nínú. Nọ́ọ̀tù lásán ń tú fúnra rẹ̀ bí bẹ́ẹ̀dì bá ti ń mì.

Bí a ṣe ń tò ó ló ń pinnu bóyá yóò dákẹ́ tàbí yóò máa ké. Ẹ ki gbogbo bóòtù bọ ihò wọn, kí ẹ fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tù wọn wọlé, kí ẹ má tíì mú sípánà. Ẹni tó bá de igun kan pa kó tó dé ìkejì, igun kẹrin kò ní bá ihò mu, òòlù ló máa fi parí iṣẹ́, á sì ba ọ̀dà àti ihò jẹ́ pọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, ẹ fi téèpù wọn àyè ìsùn kọ̀ọ̀kan láti igun dé igun: láti orí ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì, lẹ́yìn náà láti orí òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Fún bẹ́ẹ̀dì 90 sí 200, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 219 ló yẹ kó jáde nígbà méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju mìlímítà 5 lọ, bẹ́ẹ̀dì náà wọ́. Ẹ ti igun méjì tí ìwọ̀n tó gùn jù wà láàárín wọn wọlé títí ìwọ̀n méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ìgbà yẹn lẹ tó wá mú sípánà, kí ẹ máa dè é láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bá ti sùn lórí rẹ̀, ẹ padà wá tún un dè, nítorí ọ̀dà tó wà láàárín irin méjì á ti tẹ́, bóòtù á sì ti dẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan tó.

Gbogbo olùtajà ló máa sọ pé páìpù tòun nípọn. Kò sídìí fún àríyànjiyàn, ẹ béèrè òṣùwọ̀n. Òpó tó gùn tó mítà 1.7, tí irin rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 1.5, yóò wọ̀n nǹkan bíi kílò 3. Bí ó bá wọ̀n kílò 2 péré, mìlímítà 1 ni, ọ̀dà ló ń pọ́n ọn lé. Irin ẹ̀gbẹ́ tilẹ̀ tún ṣe kókó ju òpó lọ. Ọmọkùnrin mẹ́rin ló máa to ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo láti gbọ́ ìtàn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wọ̀n kílò 60, kílò 240 ti jókòó sórí irin kan. Páìpù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ mìlímítà 50, tí èkejì jẹ́ 25, ló dára níbẹ̀, kí wọ́n gbé e nàró kí 50 jẹ́ gíga rẹ̀. Àwọn kan ń dùbúlẹ̀ rẹ̀, tí 25 á fi di gíga. Irin kan náà ni, iye owó kan náà ni, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun kí sáà méjì tó parí.

Irin ìdènà ni ibi tí bẹ́ẹ̀dì tó dára ti ń di ewu láìjẹ́ ẹ̀bi ẹni tó ṣe é. Òfin Amẹ́ríkà lórí bẹ́ẹ̀dì alájà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2000, ní kí orí irin ìdènà fi ó kéré tán ínǹṣì 5, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 12.7, ga ju ojú fóòmù lọ. Ojú fóòmù ni wọ́n wí, kì í ṣe ojú irin tí fóòmù dùbúlẹ̀ lé. Irin ìdènà ti bẹ́ẹ̀dì yìí ga ní sẹ̀ǹtímítà 25 láti ojú irin. Bí fóòmù 12 bá wà níbẹ̀, ó ku 13: ó tó. Bí ó bá jẹ́ 15, ó ku 10: kò tó mọ́. Bí òbí kan bá wá fi ìfẹ́ ra fóòmù 20 fún ọmọ rẹ̀, 5 ló ṣẹ́kù, ẹni tó bá yíra padà lójú oorun kò ní rí nǹkan kan tí yóò dá a dúró. Nítorí náà kí ilé ìwé ra fóòmù fúnra rẹ̀, tàbí kí ó kọ ìnípọn tó gbà sínú ìwé àwọn ohun tí ọmọ yóò kó wá. Ẹ fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára òpó òkè, ní sẹ̀ǹtímítà 12 láti ojú irin. Ẹni tó ń yẹ bẹ́ẹ̀dì wò láàárọ̀ á ti ẹnu ọ̀nà rí fóòmù tó bá kọjá ìlà.

Òfin yẹn kan náà fẹ́ irin ìdènà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, títí kan ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àlàfo ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ohun tó fẹ̀ ju ínǹṣì 3.5, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9, ẹnu ibi tí a ń gbà gùn ún kò sì gbọ́dọ̀ ju ínǹṣì 15 lọ. Ọ̀pọ̀ olùtajà ń fo ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ní ògiri ti dí i. Ògiri kì í rìn lóòótọ́, bẹ́ẹ̀dì ló ń rìn: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fà á gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àlàfo tó lè gba ènìyàn á ti wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ yan irin ìdènà tí wẹ́dà jó mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí a kàn gbé kọ́, wọ́n á yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ó ń gún itan ẹni tó fẹ́ jókòó, ó sì ń dí ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ẹ ó ti bá a nígbà ìmọ́tótó.

Àkàbà ni ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn jù lọ nínú bẹ́ẹ̀dì yìí. Páìpù róbótó mìlímítà 20 ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀, ó sì ń dun ẹni tí kò wọ bàtà. Ta ló ń wọ bàtà lọ sùn? Bí ó bá ti ń dùn wọ́n lẹ́sẹ̀, wọn kò ní lò ó mọ́. Fóòmù ẹni ìsàlẹ̀ ni wọn yóò máa fi ṣe àtẹ̀gùn, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun tó ní àmì ẹsẹ̀. Wẹ́dà kan lè tún un ṣe lọ́jọ́ kan: kí ó jó irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 lé orí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, kí ojú irin náà má dán, kí ó sì fi fáìlì ra etí rẹ̀ kí ó má baà géni. Àárín àtẹ̀gùn kan sí èkejì, sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 ló bá ẹsẹ̀ mu. Àkàbà tí a ń gbé kọ́ tí a sì lè gbé kúrò, ẹ má rà á. Bí wọ́n bá ti pa iná, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tó wà.

Gíga rẹ̀ dára. Ojú irin ìsàlẹ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 32 láti ilẹ̀, ìdí irin òkè wà ní 139. Bí a bá yọ fóòmù 12 kúrò, ó ku 95, ọmọ tó ti dàgbà tó ọkùnrin á lè jókòó nàró níbẹ̀ láì forí gbá irin. Lókè, ẹni tó jókòó lórí fóòmù nílò irú àyè yẹn náà, nítorí náà àjà yàrá kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju mítà 2.6 lọ. Fáànù òkè àjà ni ènìyàn máa ń gbàgbé. Kí ẹ tó pín ibi tí bẹ́ẹ̀dì yóò dúró, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì ibi tí apá fáànù ń gbà yí sórí ilẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì jìnnà sí àmì yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ẹni tó ń na ara lórí bẹ́ẹ̀dì òkè kò fi ní lè dé e.

Ohun tí fóòmù dùbúlẹ̀ lé tún ń ya wọn sọ́tọ̀. Àwọ̀n onísípíríǹgì ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín, ẹ̀yìn ẹni òkè á sì máa sún mọ́ imú ẹni ìsàlẹ̀. Pákó gbalaja tí kò ní ihò ń há òógùn mọ́ abẹ́ fóòmù, ibẹ̀ á bu, á sì máa rùn. Irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó mìlímítà 25, tí wọ́n tò ní àlàfo sẹ̀ǹtímítà 7, ló dára jù. Nǹkan bíi ogún irin ni yóò wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Ẹ kà wọ́n. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́tàlá, àlàfo wọn ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 12, fóòmù á máa rì sínú wọn, á sì ya láti abẹ́. Kí wọ́n jó wọn mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ lórí méjèèjì, nítorí eré ẹlẹ́sẹ̀ tí a ti sọ lókè.

Fóòmù náà, òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi rà á. Èyí tó gùn ní 200, tó fẹ̀ ní 90, tó nípọn ní 12, tí irú rẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan bá wọ̀n kílò 28, gbọ́dọ̀ wọ̀n nǹkan bíi kílò 6. Èyí tí kò pé 4 á ti tẹ́ bí ẹní láàárín ọdún kan. Ẹ fi aṣọ tí omi kì í wọ̀, tó ní síìpù, bò ó. Àwọn ọmọ kékeré kan ṣì ń tọ̀ sílé. Ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n sùn, kí a sì fi gbogbo fóòmù inú yàrá sínú irú aṣọ yìí, kí ó má baà di pé ti ẹnì kan ló yàtọ̀. Lóṣooṣù, ẹ yí fóòmù kí ibi orí di ibi ẹsẹ̀.

Ariwo òru kì í sábà jẹ́ ti bóòtù nìkan. Irin tó ń fi ara gbo irin ló ń ké, pàápàá níbi tí etí òpó òkè ti wọ inú ti ìsàlẹ̀. Ẹ gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́, kí ẹ fi sáàárín wọn kí ẹ tó de bóòtù. Ẹ má da epo sí i: á dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà á kó eruku, á sì kó bá aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ariwo tó ń jáde lára bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo lè jí ọmọ mẹ́fà tó yí i ká.

Ìdun ló kù. Irin kì í pe ìdun, ṣùgbọ́n páìpù oníhò ń gbà á lálejò. Ẹnu páìpù tí kò ní ìdérí, ihò bóòtù tí a kò lò, àti abẹ́ ibi tí irin pẹlẹbẹ ti pàdé irin ẹ̀gbẹ́ níhà orí, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Nítorí èyí, ẹ yan ọ̀dà tó mọ́lẹ̀, funfun tàbí eérú fífúyẹ́; lára ọ̀dà dúdú, ẹ kò ní rí ìgbẹ́ wọn tó dà bí àmì ojú bírò. Ẹ fi ìdérí ike dí gbogbo ẹnu páìpù kí àwọn ọmọ tó dé. Bí ìdun bá ti wọlé, fífín oògùn sí ojú irin kò dé inú páìpù. Ooru ló ń dé e: 48 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó bá dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan àbọ̀, á pa ìdun àti ẹyin rẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀rọ gbígbóná ni kí ẹ pè fún èyí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi tó gbóná tó 60. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún fi tọ́ọ̀ṣì yẹ gbogbo bẹ́ẹ̀dì wò, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn nìkan, nítorí ẹyin tó bá bọ́ lọ́wọ́ ooru á ti di ọmọ ìdun nígbà náà. Kẹrosínì tí àwọn kan ń dà sínú ihò òpó, iná ló ń pè.

Ẹsẹ̀ òpó: ìpẹtà ń bẹ̀rẹ̀ láti inú, nítorí ọ̀dà kò dé ibẹ̀, omi tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ sì ń dé e. Ike tí wọ́n fi dí i máa ń fọ́ bí wọ́n bá wọ́ bẹ́ẹ̀dì nílẹ̀. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi irin jó pa, tó wá wọ bàtà rọ́bà. Aṣọ ìnura tútù náà ń mú kí bóòtù òkè dípẹtà; ẹ jẹ́ kí wọ́n jó irin ìsáṣọ kan mọ́ ìhà ẹsẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Kò sí okùn, kò sí bẹ́líìtì tí a gbọ́dọ̀ so rọ̀ mọ́ irin òkè.

Lọ́kà tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ ọn kò yẹ ní rírà. Páànù rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ọwọ́ lè tẹ ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé, a sì lè fi sípánà tú ìkọ́ àgádágodo rẹ̀ láti ìta. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ tú ìkọ́ náà, kí ẹ yí i padà kí nọ́ọ̀tù wọ inú. Àgádágodo onínọ́ńbà mẹ́ta ní ọ̀nà 1,000 péré. Ẹni tó bá ń dán ọ̀kan wò ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì méjì á ṣí i kí àkókò ìsinmi ọ̀sán tó parí. Onínọ́ńbà mẹ́rin ni kí wọ́n lò. Oníkọ́kọ́rọ́ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n rà láti inú páálí kan náà, kọ́kọ́rọ́ ẹnì kan sábà máa ń ṣí ti ẹlòmíràn.

Nínú 5, a fún alábóòtù méjì ní 4, àkàbà ló gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Alábóòtù kan gba 2, eléyín gba 1. Ẹni tí alábóòtù kan ti kún ilé rẹ̀ kò nílò láti kó wọn dànù. Ní ìsinmi, kí ó pe wẹ́dà, kí wọ́n jó irin pẹlẹbẹ onígun mẹ́ta, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, mọ́ abẹ́ irin ẹ̀gbẹ́ ní igun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lu ihò kan gba inú òpó sí etí rẹ̀, kí wọ́n fi bóòtù M8 kejì dè é. Igun mẹ́jọ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́rin òkè, kí wọ́n sì kun ibi tí iná ti jó ọ̀dà lọ́jọ́ kan náà.